Ta Ni Yóò Dájọ́ Àkọtọ́? Àgbéyẹ̀wò Ìlànà fún Olùkópa nínú Ètò Kọ̀ǹpútà Alórísun-Gbangba, pẹ̀lú Àpẹẹrẹ láti Accra

Àṣamọ̀

Ètò kọ̀ǹpútà alórísun-gbangba sábà máa ń ní ìwé ìlànà tí ó ń sọ fún ẹni tí ó bá fẹ́ kópa nínú rẹ̀ bí yóò ṣe ṣe é. Iṣẹ́ yìí ka irú ìwé ìlànà bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹ̀yà àkọsílẹ̀ kan, ó sì yẹ̀ ẹ́ wò pẹ̀lú ojú ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè. Inú iṣẹ́ tí ó kan èdè Akan, tí ọ̀pọ̀ ará Accra ń sọ, àti èdè Yorùbá ni a ti mú àpẹẹrẹ. Ohun tí iṣẹ́ yìí fi múlẹ̀ ni pé ìlànà wọ̀nyí péye lórí ọ̀rọ̀ kóòdù, ṣùgbọ́n wọn kò sọ ẹni tí yóò dájọ́ nígbà tí àkọtọ́ tàbí ẹ̀ka-èdè bá fa àríyànjiyàn. Ìdákẹ́jẹ́ yìí kì í ṣe ohun kékeré, nítorí pé inú rẹ̀ ni a ti ń pinnu irú èdè tí ẹ̀rọ yóò máa kọ fún àwọn ọmọ tí ń bọ̀ lẹ́yìn.

1. Ìfáàrà

Accra jẹ́ ìlú tí ọ̀pọ̀lọpọ̀ èdè ti ń pàdé. Ga ni èdè onílẹ̀, ṣùgbọ́n Twi ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń nájà ní Makola. Ẹni tí ó bá dé Nima yóò gbọ́ Hausa, Ewe kò sì jìnnà sí etí ẹnikẹ́ni. Yorùbá pẹ̀lú kì í ṣe àjèjì níbẹ̀. Lagos Town ni àdúgbò tí a mọ̀ sí Accra New Town lónìí ń jẹ́ tẹ́lẹ̀, ọ̀pọ̀ Yorùbá ni ó sì fi Gánà ṣe ilé kí òfin tí ìjọba Busia gbé jáde ní oṣù Kọkànlá ọdún 1969 tó lé wọn kúrò. Láti ọdún 1951 ni iléeṣẹ́ ìjọba tí a mọ̀ sí Bureau of Ghana Languages lónìí ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìtẹ̀wé ní àwọn èdè ilẹ̀ náà.

Ìlú yìí kan náà ni iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ti fẹsẹ̀ múlẹ̀. Ní ọdún 2003 ni a ṣí Ghana-India Kofi Annan Centre of Excellence in ICT ní Accra. Ní ọdún 2010, ibẹ̀ ni ìpàdé Idlelo ti wáyé, èyí tí ẹgbẹ́ FOSSFA ń pè fún àwọn ará Áfíríkà tí ó ń ṣe ètò kọ̀ǹpútà alórísun-gbangba. Ní Gánà bákan náà ni kasahorow ti ń ṣe ìwé atúmọ̀-èdè fún lílò lórí kọ̀ǹpútà, tí GhanaNLP sì ń ṣe ẹ̀rọ ìtumọ̀ fún Twi, Ewe, Ga àti Dagbani.

Ètò alórísun-gbangba ni ètò kọ̀ǹpútà tí ẹnikẹ́ni lè ka kóòdù rẹ̀, tí ó lè tún un ṣe, tí ó sì lè pín in fún ẹlòmíràn, lábẹ́ ìwé-àṣẹ tí a kọ sílẹ̀. Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà nínú irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ọwọ́ tí kò mọ ara wọn rí kò lè ṣiṣẹ́ pọ̀ láìsí ìlànà, ìdí sì nìyẹn tí ìwé tí a fẹ́ yẹ̀ wò níhìn-ín fi wà.

2. Irú àkọsílẹ̀ tí ìwé ìlànà jẹ́

Ní ọdún 1983 ni Richard Stallman kéde ètò GNU. Ní ọdún 1991 ni Linus Torvalds gbé Linux jáde. Ní ọdún 1998 ni orúkọ tí ayé fi ń pe irú ètò wọ̀nyí lónìí, “open source”, di ohun àmúlò. Ní àkọ́kọ́, ẹni tí ó bá fẹ́ kópa ní láti dúró ti àwọn àgbà inú iṣẹ́ náà kí ó máa wo bí wọ́n ṣe ń ṣe. Nígbà tí olùkópa di ẹgbẹẹgbẹ̀rún, ohun tí ó wà lẹ́nu àgbà di ohun tí a kọ sílẹ̀. Láti ọdún 2012 ni GitHub, tí a dá sílẹ̀ ní 2008, ti ń fi fáìlì tí a pè ní CONTRIBUTING han ẹni tí ó bá fẹ́ fi iṣẹ́ ránṣẹ́. Láti ìgbà náà ni ìwé yìí ti di ẹ̀yà àkọsílẹ̀ tí ó ní ìrísí tirẹ̀.

Ìrísí náà rọrùn láti mọ̀. Ìwé náà yóò kọ́kọ́ kí olùkópa káàbọ̀. Yóò sọ bí a ṣe ń ròyìn àṣìṣe, yóò sì gbani nímọ̀ràn pé kí a béèrè kí a tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ńlá. Yóò sọ bí a ṣe ń tò kóòdù, bí a ṣe ń dán an wò, ẹni tí yóò yẹ̀ ẹ́ wò, àti ìwé-àṣẹ tí iṣẹ́ náà yóò wà lábẹ́ rẹ̀. Ọ̀pọ̀ apá inú rẹ̀ ni ìṣòro kan bí. Lẹ́yìn tí iléeṣẹ́ SCO pe IBM lẹ́jọ́ ní ọdún 2003 lórí ẹni tí ó ni kóòdù kan nínú Linux, àwọn tí ó ń bójú tó Linux gbé ìjẹ́rìí kan kalẹ̀ ní 2004: olùkópa yóò fọwọ́ sí i pé òun ni òun ṣe ohun tí òun fi ránṣẹ́, tàbí pé òun ní ẹ̀tọ́ láti fi í ránṣẹ́. Bákan náà, nígbà tí ọ̀rọ̀ kòbákùngbé ń lé àwọn ènìyàn kúrò nínú iṣẹ́, Coraline Ada Ehmke gbé ìlànà ìwà tí ó ń jẹ́ Contributor Covenant jáde ní 2014. Linux fúnra rẹ̀ gba ìlànà tí a gbé karí rẹ̀ wọlé ní 2018.

Ìtàn yìí fi agbára ìwé náà hàn. Ìwé ìlànà ń sọ àlejò di ará ilé. Akẹ́kọ̀ọ́ ní Legon àti ẹlẹ́rọ ní California ń ka ohun kan náà, a kò sì bi ẹnikẹ́ni pé ọmọ ta ni. Ṣùgbọ́n ìtàn náà fi àléébù rẹ̀ hàn pẹ̀lú: ìṣòro tí ó bá dé bá àwọn tí ó kọ́kọ́ ṣe ètò nìkan ni ìwé náà ń dáhùn. Ẹjọ́ ẹ̀tọ́ ti dé bá wọn, ìjà ẹnu ti dé bá wọn. Ẹjọ́ àkọtọ́ kò tí ì dé bá wọn, nítorí pé àkọtọ́ Gẹ̀ẹ́sì ti fìdí múlẹ̀ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀.

3. Ohùn tí ìlànà fi ń sọ̀rọ̀

Ìwé ìlànà Git àti ti Linux béèrè pé kí àkọsílẹ̀ tí ó bá àtúnṣe kọ̀ọ̀kan rìn wà gẹ́gẹ́ bí gbólóhùn àṣẹ, bí ẹni pé olùkópa ń pàṣẹ fún kóòdù pé kí ó yí padà. Ní Gẹ̀ẹ́sì, èyí kò fa wàhálà. Ní Yorùbá, gbólóhùn àṣẹ ń fi ipò ẹni tí a ń bá sọ̀rọ̀ hàn. “Tún àkọtọ́ ṣe” jẹ́ ọ̀rọ̀ sí ẹnì kan tí ó jẹ́ ẹgbẹ́ ẹni tàbí àbúrò ẹni. “Ẹ tún àkọtọ́ ṣe” jẹ́ ọ̀rọ̀ sí àgbà tàbí sí ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ọ̀rọ̀ Akan jọ èyí ní ọ̀nà tirẹ̀: ọ̀rọ̀-ìṣe lásán lè pàṣẹ fún ẹnì kan, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá pàṣẹ fún àgbà láìfi “mepa wo kyɛw” ṣíwájú kò tíì kọ́ ọmọlúàbí.

Kóòdù kì í ṣe àgbà, nítorí náà a lè fi ọ̀rọ̀-ìṣe lásán bá a wí. Òǹkàwé ìlànà ni kò rí bẹ́ẹ̀. Bí a bá túmọ̀ ìwé náà sí Yorùbá, “Ka èyí kí o tó fi iṣẹ́ ránṣẹ́” yóò dàbí ọ̀rọ̀ olùkọ́ sí ọmọ iléèwé, bẹ́ẹ̀ sì ni ó lè jẹ́ pé òǹkọ̀wé àgbà tàbí olùkọ́ èdè ni ètò náà ń wá. “Ẹ” ni ó yẹ ìwé tí ó ń bẹ ẹni tí kò mọ̀ pé kí ó wá ṣiṣẹ́ láìgbowó. Bákan náà ni ìyàtọ̀ wà láàrin ohun tí olùkópa “gbọ́dọ̀” ṣe, ohun tí ó “yẹ kí” ó ṣe àti ohun tí ó “lè” ṣe. Ìtumọ̀ tí kò bá pa ìyàtọ̀ yìí mọ́ lè sọ ìmọ̀ràn di òfin. “Kò gbọdọ̀” ń ka nǹkan léèwọ̀, “kò pọn dandan” sì ń fi í sílẹ̀ fún olùkópa láti yàn. Olùtumọ̀ tí ó bá fi ọ̀kan rọ́pò èkejì ti yí òfin padà láìmọ̀.

4. Ohun tí ìlànà dákẹ́ lé lórí

Ìṣòro ńlá wà níbòmíràn. Ẹgbẹ́ Unicode ń tọ́jú àkójọ kan tí a ń pè ní CLDR, níbi tí orúkọ ọjọ́, oṣù, orílẹ̀-èdè àti owó wà ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ èdè. Inú rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ fóònù àti kọ̀ǹpútà káàkiri ayé ti ń mú ọ̀rọ̀ wọ̀nyí. Ẹni tí ó bá ṣí kàlẹ́ńdà lórí fóònù rẹ̀ ní èdè tirẹ̀ ń ka iṣẹ́ olùkópa kan tí kò mọ̀.

Akan ní irú kíkọ mẹ́ta tí ó ti pẹ́ nínú ìwé: Asante, Akuapem àti Fante. Ìgbìmọ̀ Àkọtọ́ Akan gbé àkọtọ́ kan ṣoṣo kalẹ̀ ní ọdún 1978, síbẹ̀ a ṣì ń tẹ ìwé ní irú kíkọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Nínú CLDR, fáìlì kan ṣoṣo ni a ya sọ́tọ̀ fún Akan. Báwo ni olùkópa yóò ṣe kọ orúkọ oṣù kìíní níbẹ̀? Ní ọ̀pọ̀ ẹ̀dà àkójọ náà, ìdáhùn ni “Sanda-Ɔpɛpɔn”. “Sanda” ni Fante ń pè é, “Ɔpɛpɔn” sì ni Twi ń pè é. Àmì ìsopọ̀ ni a fi so àwọn méjèèjì pọ̀, bẹ́ẹ̀ ni a sì ṣe fún àwọn oṣù yòókù. Ẹni tí ó ṣe èyí fẹ́ kí àlàáfíà jọba. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí kò jáde lẹ́nu Fante, tí kò jáde lẹ́nu Asante, ni ó di èdè Akan lójú ẹ̀rọ. Fáìlì náà kò sì sọ ìdí rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a fi ti Yorùbá wé e. Nínú àkójọ kan náà, Yorùbá ní fáìlì méjì. Ti Nàìjíríà kọ oṣù kìíní ní “Ṣẹ́rẹ́”. Ti orílẹ̀-èdè Benin kọ ọ́ ní “Shɛ́rɛ́”. Oṣù kan náà ni, ohùn kan náà ni. Àkọtọ́ orílẹ̀-èdè ni ó pín wọn níyà. Ọ̀nà kẹta ni ti Wikipedia: èyí tí ó ń jẹ́ ti Akan ni a tì pa, a sì fi ti Twi sílẹ̀ kí ó máa bá iṣẹ́ lọ, nígbà tí Fante ní tirẹ̀.

Ìbéèrè kan ṣoṣo, ìdáhùn mẹ́ta: àmì ìsopọ̀, fáìlì méjì, ilẹ̀kùn tí a tì. A lè gbèjà ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Ohun tí kò ṣeé gbèjà ni pé kò sí èyí tí ìwé ìlànà fún olùkópa pèsè sílẹ̀ fún. Òótọ́ ni pé Unicode ń fẹ́ kí ẹni tí ó ń dìbò mọ èdè náà dáadáa, ó sì pèsè àyè fún ìjíròrò. Síbẹ̀, ìbò ni ó ń parí ọ̀rọ̀, ìbò ẹni tí iléeṣẹ́ ńlá rán wá sì wúwo ju ti àlejò lọ. Ìbò lè sọ èyí tí ó borí. Kò lè sọ ìdí tí ó fi yẹ kí ó borí. Ní ti àwọn ètò kéékèèké, ọ̀rọ̀ burú jù bẹ́ẹ̀ lọ: alábòójútó tí kò gbọ́ Akan ni yóò yẹ iṣẹ́ Akan wò, kò sì sí ohun tí yóò lè yẹ̀ wò ju pé fáìlì náà ṣí. Nípa bẹ́ẹ̀, ẹni tí ó kọ́kọ́ dé ni ó ń di onídàájọ́ àkọtọ́.

5. Lẹ́tà tí ojú rí àti lẹ́tà tí ẹ̀rọ rí

Ìdákẹ́jẹ́ kejì kéré lójú, ṣùgbọ́n ó ń ba iṣẹ́ jẹ́ gidigidi. Nínú “ọjọ́”, lẹ́tà tí ó gbẹ̀yìn lè wọ inú kọ̀ǹpútà ní ọ̀nà mẹ́ta: kí a tẹ “o”, kí a fi àmì ìsàlẹ̀ àti àmì ohùn lé e, kí a tẹ “ọ”, kí a fi àmì ohùn lé e, tàbí kí a tẹ “ó”, kí a fi àmì ìsàlẹ̀ sí i. Ojú rí ọ̀kan, ẹ̀rọ ka mẹ́ta. Unicode ti pèsè ọ̀nà tí a ń pè ní NFC láti sọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta di ọ̀kan. Ṣùgbọ́n bí ẹlòmíràn bá fi ìlà kékeré, U+0329, sí abẹ́ lẹ́tà dípò ẹyọ tóótó, U+0323, NFC kò lè so wọ́n pọ̀ láé. Àtòpọ̀ ọ̀rọ̀ tí ènìyàn méjì bá ṣe lọ́nà méjì yìí yóò dà bí ti èdè méjì.

Akan ní irú ìṣòro yìí. Ɛ tirẹ̀ ni U+025B, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ń mú ti Gíríìkì, U+03B5, nítorí pé wọ́n jọra, lórí fóònù, àwọn ọ̀dọ́ Accra ń fi “3” rọ́pò ɛ, wọ́n sì ń fi àkámọ́ “)” rọ́pò ɔ. Gbólóhùn méjì péré nínú ìwé ìlànà ni ìbá tán ìṣòro yìí, ṣùgbọ́n ìwé tí ó fi ojú-ìwé púpọ̀ sọ̀rọ̀ lórí àyè tí ó yẹ kí ó ṣíwájú ìlà kóòdù kì í rántí rẹ̀.

Ó tọ́ kí a yin ibi tí ìyìn tọ́ sí. Common Voice, tí Mozilla bẹ̀rẹ̀ ní 2017 láti kó ohùn jọ, tí Twi àti Yorùbá sì wà nínú rẹ̀, béèrè pé kí nọ́ńbà má ṣe wà nínú gbólóhùn tí ènìyàn yóò kà. Ìlànà tí ó mọ èdè ni èyí, nítorí pé bí “45” bá wà níbẹ̀, ẹnì kan yóò ka “márùndínláàádọ́ta”, ẹlòmíràn yóò ka “fọ́tì-fáìfù”. Ṣùgbọ́n ìlànà náà tún béèrè pé kí gbólóhùn má tó ọ̀rọ̀ 15. Ọ̀rọ̀ mélòó ni “ṣe iṣẹ́”, mélòó sì ni “ṣiṣẹ́”? Ẹni tí ó bá ń ka ọ̀rọ̀ ti wọ inú àríyànjiyàn àkọtọ́, yálà ó mọ̀ tàbí kò mọ̀.

6. Ta ni ó ni ọ̀rọ̀?

Ìjẹ́rìí ọdún 2004 tí a mẹ́nu bà lókè yẹ kóòdù: ẹni tí ó kọ ọ́ ni ó ṣe é. Kò rọrùn bẹ́ẹ̀ fún èdè. Onímọ̀ tí ó gba ìtàn sílẹ̀ lẹ́nu arúgbó kò lè jẹ́rìí pé òun ni òun ṣe é; ẹni tí ó fi òwe ránṣẹ́ kò lè sọ pé tòun nìkan ni. Common Voice ń béèrè pé kí ohun tí a bá fún un wà lábẹ́ CC0, èyí tí ó túmọ̀ sí pé olùfúnni yóò yọ ọwọ́ rẹ̀ kúrò pátápátá. Nítorí èyí ni àwọn Māori ti Te Hiku Media ní New Zealand fi kọ̀ láti tú ohùn àwọn ènìyàn wọn sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, tí wọ́n sì ṣe ìwé-àṣẹ tiwọn tí wọ́n gbé karí kaitiakitanga, èrò pé olùtọ́jú ni a jẹ́ fún èdè, a kì í ṣe ẹni tí ó ni ín. Kò pọn dandan kí Accra tàbí Ìbàdàn ṣe bí wọ́n ti ṣe. Ṣùgbọ́n ìwé ìlànà tí ó bá béèrè “Ṣé ìwọ ni o ṣe é?” láìbéèrè “Ta ni ó sọ ọ́ fún ọ, ṣé ó sì gbà?” kò tíì mọ ohun tí ó ń gbà lọ́wọ́ olùkópa.

7. Àtakò àti àbá

A lè sọ pé ìlànà tí ó gùn jù ń lé olùkópa sá, àti pé ìgbìmọ̀ ń fa iṣẹ́ sẹ́yìn. Àtakò yìí ní ẹsẹ̀ nílẹ̀. Láti ìpàdé àkọtọ́ Yorùbá ní Èkó ní 1875 títí di àkọtọ́ tí ìjọba fọwọ́ sí ní 1974, ọ̀rúndún kan ni ó kọjá, kóòdù kò sì lè dúró fún ọ̀rúndún. Pẹ̀lúpẹ̀lù, ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá, tí Bámgbóṣé jẹ́ olóòtú apá kìíní rẹ̀ ní 1984, tí Awóbùlúyì sì jẹ́ olóòtú apá kejì ní 1990, wà fún ìmọ̀ èdè, lítíréṣọ̀ àti ọ̀nà ìkọ́ni. Kì í ṣe fún ẹni tí ó ń wá ọ̀rọ̀ tí yóò kọ sí ojú fóònù.

Ṣùgbọ́n ìwé méjèèjì yìí ní ohun tí fáìlì “Sanda-Ɔpɛpɔn” kò ní: a mọ ẹni tí ó dá ọ̀rọ̀, a sì lè bá a jiyàn. Ohun tí a ń béèrè kì í ṣe ìgbìmọ̀ ọlọ́gọ́rùn-ún ọdún. Ojú-ìwé kan péré ni, tí a ó fi kún ìwé ìlànà ètò èyíkéyìí tí ó bá kan èdè. Ojú-ìwé náà yóò dárúkọ àkọtọ́ tí a ń tẹ̀lé àti ọdún rẹ̀. Yóò sọ ẹ̀ka-èdè tí iṣẹ́ náà dúró fún, kò ní pe ti apá kan ní ti gbogbo. Yóò sọ pé NFC ni a ó fi tọ́jú lẹ́tà, yóò sì to àmì tí a gbà wọlé. Yóò ní kí a kọ ìdí tí a fi yan ọ̀rọ̀ kan ju èkejì lọ. Yóò sọ ibi tí àríyànjiyàn yóò lọ nígbà tí àwọn méjì tí wọ́n gbọ́ èdè náà kò bá fohùn ṣọ̀kan. Ní Gánà, Bureau of Ghana Languages àti àwọn ẹ̀ka ẹ̀kọ́ èdè ní yunifásítì wà nítòsí. Ní ilẹ̀ Yorùbá, ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ni èdè kò ṣọ̀wọ́n.

Ojú-ìwé náà yóò sì sọ ẹni tí yóò máa bá iṣẹ́ lọ. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 2010, Firefox ń jáde ní èdè Akan. Kò sí nínú àwọn èdè tí ó ń jáde mọ́. Ìwé ìlànà mọ bí a ṣe ń gba iṣẹ́ wọlé. Kì í sábà mọ bí a ṣe ń wá àrólé fún un.

8. Àgbálọgbábọ̀

Ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ìwé ìlànà fún olùkópa wo ilé kan, ilé Gẹ̀ẹ́sì, ó sì sọ ọmọ gbogbo ayé lórúkọ níbẹ̀. Ẹ̀bi rẹ̀ kọ́ nìkan ni. Àwọn tí ó kọ ọ́ kọ ohun tí wọ́n mọ̀. Àwọn onímọ̀ ẹ̀dá-èdè ni wọ́n mọ apá tí ó kù, wọn kò sì tíì kọ ọ́. Ìlànà wọ̀nyí pẹ̀lú wà ní gbangba: ẹnikẹ́ni lè dábàá àtúnṣe sí i gẹ́gẹ́ bí ó ti lè dábàá àtúnṣe sí kóòdù. Títí di ìgbà tí a bá ṣe bẹ́ẹ̀, ẹni tí ó bá kọ́kọ́ dé ni yóò máa dá ẹjọ́ tí ó yẹ kí gbogbo ẹlẹ́dẹ̀ mọ̀ sí, ọmọ Accra tí ó bá sì ṣí kàlẹ́ńdà rẹ̀ ní oṣù kìíní yóò máa ka ìdájọ́ náà láìmọ̀ pé ẹnì kan dájọ́.